Kí O Tó Fa Ọsán

Létí ọ̀sà Ejìnrìn, òórùn ẹja yíyan ń bẹ lára mi;
Òṣífẹ̀sọ̀ ní kí n fi ewé tútù nù ún kúrò.
Ó bu eérú, ó fẹ́ ẹ:
"Ibi tí èyí bá fò lọ, kí ẹran má sí níbẹ̀."

Ẹtu yọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Bàbá mirí: kò tíì tẹrí.
Ìgbà tó tẹrí sí ìyeyè tó jábọ́,
mo fa ọsán kan ẹ̀rẹ̀kẹ́,
mo tafà sẹ́yìn apá, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró wà.

Mo fò dìde. Ó fà mí lẹ́wù:
"Jókòó. Jẹ ẹ̀pà."
A jẹ ẹ̀pà tán, òjìji ọ̀pẹ dé ẹsẹ̀ wa,
ká tó wá ẹ̀jẹ̀ lórí ewé.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ta ìdí ọ̀pẹ lọ́fà;
ta ló kọ́ mi ní ìjókòó?