Àlejò Ọjọ́ Méje

Wọ́n ní kí n gba ọmọ kan sílé, ọjọ́ méje péré ni.
Àwọn ọmọ iléèwé láti Niu Sílándì ń bọ̀ wá kí iléèwé wa,
iléèwé etí òkun tí ọmọ inú rẹ̀ kò ju mọ́kànlá lọ mọ́.
Mo ní, "Èmi Hatsue, arúgbó ọdún méjìdínlọ́gọ́rin,
èdè wo ni mo fẹ́ fi bá ọmọ òyìnbó sọ̀rọ̀?"
Tokuji ọkọ mi kò fèsì. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe,
bẹ́ẹ̀ ó ti di ọdún mẹ́fà tó ti ta ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ tí wọ́n fún mi ga bí òpó iná.
Rawiri ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe òyìnbó tí mo ń retí:
tíṣà wọn ní àwọn baba ńlá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tukọ̀ dé erékùṣù wọn.
Ó ní kí òun wọlé, gbàù!
Àtérígbà gbá a níwájú orí.
Ó tẹrí ba fún igi, ó fi èdè wa bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

Lálẹ́, mo bu omi gbígbóná kún ọpọ́n ìwẹ̀.
Nílé wa, àlejò ní í kọ́kọ́ wọ̀ ọ́,
lẹ́yìn àlejò ni baba, lẹ́yìn baba ni ìyá,
omi kan náà, ooru kan náà,
torí a ti fọ ìdọ̀tí ara dànù ká tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.
Ọmọ yìí wẹ̀ tán, ó yọ èdídí ìsàlẹ̀ ọpọ́n.
Mo gbọ́ gọ̀rọ̀-gọ̀rọ̀ nínú páìpù, mo sáré;
ẹ̀pa ò bóró mọ́.
Ó tilẹ̀ ti fi kànìnkànìn fọ ọpọ́n mọ́ tónítóní,
ó dúró tì í bí ẹni ń retí oríyìn.

Tokuji wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnura léjìká.
Ó wo ọpọ́n. Ó wo ọmọ. Ó wò mí.
Ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀,
ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí Shunpei wa ti kó lọ Ósákà.
Ó rín in títí ó fi di ògiri mú.
Ọmọ náà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà bá a rín in.
Mo tún omi mìíràn gbé kaná. Gáàsì wọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Nílẹ̀ ọjọ́ kejì mo ká tówẹ̀lì àtijọ́ kan,
mo gun àpótí, mo dè é mọ́ àtérígbà.
Orí ni o, igi ni o, mi ò fẹ́ kí ọ̀kankan fọ́.

Mọ́kànlá tiwa, mẹ́rìndínlógún tiwọn:
fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún gbọ́nhan
ọmọ tó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì ní pápá iléèwé,
ó sì ku márùn-ún tí yóò máa pariwo.
Bí oṣù kẹta bá pé, ìjọba yóò ti iléèwé náà pa.
A ò sọ fún àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, òun àti Tokuji á jókòó ti àwọ̀n.
Ọkọ mi á ta kókó kan, ọmọ á ta tirẹ̀,
ọkọ mi á tú u, á tún ta á díẹ̀díẹ̀.
Lọ́jọ́ karùn-ún kò tú u mọ́.
Mo wò ó dáadáa: kókó náà ò tíì tọ́.

Bọ́ọ̀sì wọn ti lọ, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Tokuji kò ga, èmi gan-an kò tó o ní gíga,
kò sí orí tí igi yẹn lè gbá nílé yìí mọ́.
Lọ́jọ́ Àìkú mo gun àpótí, mo tú tówẹ̀lì náà,
mo fọ̀ ọ́, mo sá a sí afẹ́fẹ́ òkun.
Nígbà tó gbẹ,
mo tún un dè.