Rọ́bà Mẹ́rin

Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni Múbáṣírù kọ́kọ́ pè é
ní Ládìpọ̀, lábẹ́ agboòrùn tó ti ya létí.
Mo ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Ó wo bàtà mi, ó wo fìlà mi, ó rẹ́rìn-ín.
A fà á títí, a bá ara wa ní mẹ́jọ.
Rọ́bà dúdú mẹ́rin, wọ́n rọ̀ bí etí ewúrẹ́,
méjì fún táyà iwájú, méjì fún ti ẹ̀yìn,
mọ́dígáàdì fún Kòrólà ògbólógbòó
tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì rélùwéè rà.

Kí ó tó ki díríìlì bọ iná, mo bi í:
"Ọmọ yìí, ṣé nǹkan yìí tiẹ̀ wúlò?"
Kò purọ́ fún mi. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn lára rẹ̀.
Ó ní: "Bàbá, ihò mẹ́ta-mẹ́ta ni màá lu.
Ihò tí mo bá sì lu, ẹnu ọ̀nà ìpẹtà ni,
àfi tí ẹ bá ń fi gíríìsì dí i.
Yóò máa ha ilẹ̀ lórí gbogbo bọ́ǹpù.
Tí ẹ bá fi rìfáàsì wọ kòtò, ó lè já.
Yóò gba ẹrẹ̀, yóò gba òkúta wẹ́wẹ́,
ara ọkọ̀ yóò ṣì dọ̀tí náà ni."
Ó wá dúró, díríìlì lọ́wọ́,
bíi dókítà tó ń retí kí n bu ọwọ́ lùwé.
Mo ní kó lu ú.
Ariwo irin yẹn wọ eyín mi lọ.

Nílé, ní Bàrígà, Ìyá Ìbídàpọ̀ yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan.
"Ẹ ra bàtà fún arọ," ó ní,
ó padà sídìí ẹ̀gúsí tó ń bó.
Kò parọ́. Ẹni tó bá ṣírò owó kò ní rà á:
ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń fọ ọkọ̀ ní kọ́nà wa,
ìfọ̀ mẹ́jọ gbáko ló lọ yẹn.

N kò sọ ti ọmọ yẹn fún un.
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ni, òjò òru ti dá,
ọ̀nà Akọ́kà kún fún adágún aláwọ̀ tíì.
Ó dúró létí gọ́tà,
aṣọ ilé ìwé rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú,
ó di pátákó ìdánwò mọ́ àyà.
N kò sáré. Ọlọ́run gbọ́, n kò sáré.
Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ló tẹ ibi tí n kò rí,
omi sì dìde, ó ga ju fèrèsé lọ.
Kò ṣépè. Kò sunkún.
Ó wo ara rẹ̀ nílẹ̀-nílẹ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan,
ó sì yíjú padà sọ́nà ilé.
Inú dígí ni mo ti rí gbogbo èyí.
N kò dúró.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, kòtò kan ní Ọ̀wọ́rọ̀ fa ọ̀kan já.
Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá sáré gbé e tẹ̀lé mi:
"Bàbá, etí ọkọ̀ yín rèé o!"
Ó ku mẹ́ta.

Láàárọ̀ Sátidé mo máa ń fi igi họ wọ́n lábẹ́.
Ẹrẹ̀ á já lulẹ̀ gbì,
tòun ti ọ̀rá, tòun ti ìdérí ìgò,
á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo mílíìkì ńlá.
Mo máa ń dúró wò ó.
Èyí kò bà sára ẹnikẹ́ni.
Bóyá kì bá tilẹ̀ ti bà sára ẹnikẹ́ni, ta ló mọ̀?

"Ṣé òkú lẹ ń gbé ni?" Ìyá Ìbídàpọ̀ bi mí lánàá,
nítorí bí mo ṣe ń rọra wakọ̀ kọjá létí gọ́tà Akọ́kà.
N kò dáhùn. Ilé ìwé ti gba ọlidé,
kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀ àfi ewúrẹ́ kan.
Rọ́bà kẹrin ṣì wà nínú búùtù.
Mò ń wá bóòtì tó máa bá ihò rẹ̀ mu.