Ó Ku Mẹ́rin Kó Pé Igba

Aago méje àárọ̀ ní Déí-Déí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ò tíì ká sókè tán.
A jókòó lórí páálí táìlì, àwa mẹ́rin,
ọyẹ́ ti kun ètè wa bí ẹni tó lá ẹfun.
Ọ̀gbẹ́ni Tersoo gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kan lé orí tábìlì
jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Kí lẹ rí?"
Làrábà ní, "Mo rí funfun."
"Kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn?"
Kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀.
Làrábà ti fi kẹrosíìnì bó o lánàá,
ó ní ọjà tó mọ́ ló ń tètè tà.

Rárá o. A kì í bó o. A kì í lẹ iye owó bò ó.
Ibi tí ojú oníbàárà yóò kọ́kọ́ bà lé ni kó wà,
kì í ṣe ìdí, kì í ṣe ẹ̀yìn,
kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ Ọ̀gá Okwudili.
Èyí tí kò bá ní àlẹ̀mọ́, a ò gbọdọ̀ pàtẹ rẹ̀.
Ẹ̀kán omi márùn-ún tí wọ́n kùn ní búlúù: ó mọ omi í ṣọ́ lò.
Ẹ̀kán kan péré: àpà ni.
Nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ni iye lítà tó ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ọmọ Ìgbájọ, ọdún kẹfà mi nídìí páìpù,
mo nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mẹ́tàlá kọ́ ló ju mẹ́fà lọ ni?"
Nítorí nínú gbogbo ohun tí mo ti tà rí,
èyí tó pọ̀ là ń yìn.
Ó rẹ́rìn-ín, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
"Níbí yìí, ẹni tó kéré ni àgbà."

Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Òógùn ti pa á rẹ́ kó tó di ọ̀sán.

Ọ̀sán náà ni ìyá kan ti Mpápè dé, ó ń kọ́lé,
eruku sìmẹ́ǹtì wà ní bàtà rẹ̀:
"Fún mi ní èyí tó ń ya bí odò. Mi ò fẹ́ èyí tó ń tutọ́."
Mo ka ẹ̀kán omi fún un. Mo ka lítà.
Fóònù ló ń wò.
Ta ló ti gbé lítà lérí rí?

Ìgbà náà ni Sàmínù ti ọmọlanke rẹ̀ ń kọjá,
kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, ológún lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan,
táyà ń ké, ọrùn rẹ̀ le bí okùn kànga.
"Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?" "Méje."
"Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan?" "Bí inú ò bá run."
Lítà méje ni mẹ́tàlá fi ju mẹ́fà,
lọ́nà méjìdínlọ́gbọ̀n,
ẹnu mi ti sọ ọ́ kí etí mi tó gbọ́:
mẹ́rìndínnígba.
Mẹ́rin ló dín nínú igba,
igba náà sì ni ó ń kọjá lọ lójú wa yẹn,
odidi ọmọlanke Sàmínù,
lójoojúmọ́, sínú ihò.

"Mai ruwa, èló ni kẹ́ẹ̀gì kan báyìí?"
Ó dá a lóhùn. Fóònù wọ àpò.
Sàmínù nu ojú, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Haba, Ìbídùn! Ọjà mi lo ń bà jẹ́ yẹn."
Mo bá a rín in. Kò dé ikùn mi.

Ìyá náà ra mẹ́fà ẹyọ kan.
Ti ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní òun á rà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì,
níbi tí wọn kì í ti í ṣe ìṣirò.

Lálẹ́, ní Kúbwà, ẹ̀rọ omi wa ń mí èémí gbígbẹ.
Mo bu omi sí bókẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Bókẹ́ẹ̀tì ò ní àlẹ̀mọ́.
Mo wá ìṣó, mo fa ìlà kan sí i lára
níbi tí mo rò pé mẹ́fà parí sí.
Ọkọ mi ké láti yàrá pé kí ni mò ń họ.
Mo ní iṣẹ́ ni.