Ibọ̀sẹ̀ Ọ̀tún

Ní Naryn, nígbà tí yìnyín ti gba orí òkè tán,
mo bá aró lórí funfun:
ó kán lẹ́ẹ̀mẹta sábẹ́ Niva bàbá mi,
ọkọ̀ tí wọ́n rà lọ́dún tí wọ́n bí mi,
tí èmi àti rẹ̀ sì jọ ń dípẹtà.

Ajá wa ti na ahọ́n.
Mo lé e. Omi yìí dùn lẹ́nu,
ẹni tó bá sì dùn mọ́ ni ó ń pa.

Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.
Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ilẹ̀ tó ṣú,
mo jí, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Páálí gbẹ.
Mo fọwọ́ pa rọ́bà òkè, mo fọwọ́ pa ti ìsàlẹ̀,
mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, mo tún un dé,
mo wo páǹpù omi dé ibi tí ọrùn mi lè yí dé.
Gbogbo wọn gbẹ bí ẹnu ẹni tó ń purọ́.
Síbẹ̀, lójoojúmọ́, omi inú ike ń fi ìka kan rẹlẹ̀.
Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Jolchu, aládùúgbò wa, fi ẹsẹ̀ ta táyà:
“Ẹ tà á fún àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra irin.”
Bàbá mi, tí ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀ láti ọdún kẹta,
dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà:
“Àrùn la ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́.
Jẹ́ ká mọ èwo lèyí ná.”

Ó ní kí n mú òun wọ ọkọ̀.
Kì í ṣe ìdí ọwọ́ ọkọ̀, níbi tó jókòó sí fún ọgbọ̀n ọdún;
ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ni, ti ìyá mi.
Ó bọ́ bàtà, ó ku ibọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn.
“Ṣáná sí i. Jẹ́ kó gbóná. Má sọ̀rọ̀.”

A jókòó.
Gíláàsì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń nu òógùn yìí,
tí mò ń pè é ní èémí wa.

Bàbá gbé imú sókè. “Ó ń rùn bíi súgà tó jóná.”
Ó dákẹ́ pẹ́.
“Ẹsẹ̀ òsì mi gbẹ,” ni ó wí,
ó sì na ti ọ̀tún sí mi, bí ẹni fún mi lẹ́bùn:
àtẹ́lẹsẹ̀ ibọ̀sẹ̀ eléérú ti di aró.

Ẹnu ẹ̀rọ hítà ni, kékeré, tó fara pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.
Mo ra tuntun, onídẹ, lọ́wọ́ obìnrin eléyín wúrà kan lọ́jà;
ó ní òun náà ti pààrọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo dùbúlẹ̀, mo gbé orí síbi tí ẹsẹ̀ ìyá mi máa ń wà.
Sípánà yọ̀, ó bó mi lẹ́yìn ọwọ́.
Nígbà tí nọ́ọ̀tì ìkejì gbà,
omi tútù ya wọ apá ẹ̀wù mi dé abíyá,
mo ké orúkọ kan tí wọn kì í ké níwájú bàbá ẹni.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́, hítà fẹ́ ooru jáde pẹ̀lú ariwo bí ikọ́ arúgbó.
Bàbá na ẹsẹ̀ méjèèjì sí i.
“Ìdè irin apá òsì,” ó ní, “ó ṣì ń sunkún díẹ̀.”
Mo ní mo ti wò ó, ó gbẹ.
Kò jà mí níyàn.

Òwúrọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ ọkọ̀:
ẹyọ kan péré, kò tó ẹyinjú ológoṣẹ́.
Mo mú sípánà.
N kò tíì sọ fún un.