Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago mẹ́wàá la bẹ̀rẹ̀.
Méjìlá kù díẹ̀ ni. Ẹ foríjì mí.
Òjò ló dí ọ̀nà Ìyàrà,
àwọn ará Ìsánlú sì ní táyà àwọn jò ní Mópà.

Mo kọ ọ́ pé ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló wá.
N kò ka ewúrẹ́ tó sá wọlé fún òjò,
tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìwé ìtàn,
tó ń wò wá bí ẹni pé òun ni alága.

Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́jàbí, akápò, gbé awò ojú rẹ̀ lé iwájú orí,
ó ka ìṣírò fún wa:
ohun tí ìjọba ṣèlérí, ohun tó wọlé.
Àárín méjèèjì, ó ní, ènìyàn lè dáko sí i.
Owó iná. Owó ọdẹ alẹ́. Páànù mẹ́tàdínlógún
fún òrùlé tí a ti ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀
láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti ń rákò.
Ọmọ náà ti wọ yunifásítì.
Bọ́kẹ́ẹ̀tì ò tíì lọ ibì kan.

Ètò ọdún márùn-ún ni wọ́n ní ká ṣe.
Ẹ̀gbẹ̀ ń fẹ́ kọ̀ǹpútà.
Ìsánlú ní kí olú ilé ìkàwé wá sọ́dọ̀ àwọn,
Kàbbà ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ìyẹn mọ́,
ni ohùn bá ń ga,
ni ẹnìkan bá ń ka ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ru bíríkì ibẹ̀.
Mo kọ: “A jíròrò lórí ibùjókòó.”
Ẹni tó bá kà á lọ́la á rò pé a rẹ́rìn-ín.

Màmá Ọbasájù, ahunṣọ láti Ògìdì,
kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.
Ó dìde, ó kí wa, “Ọ̀kun o,”
a dáhùn, ilé rọ̀ díẹ̀.
“Ilé, ilé lẹ̀ ń sọ. Ìwé ńkọ́, kò lẹ́sẹ̀ ni?
Mo ń fi aṣọ rán ọlọ́kadà dé Lọ́kọ́ja, kò sọnù rí.
Ẹ di ìwé sápò fún un,
kó já a sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ ọjà,
kó kó ti ọjà tó kọjá padà.”
Wọ́n ní, owó epo ńkọ́?
“Kajú. Bó bá ti so, kí oko kọ̀ọ̀kan yọ garawa kan.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń retí Àbújá, ẹ máa retí lọ.
Igi kì í retí ẹnìkan kó tó so.”

Mẹ́jàbí ti yí ìwé rẹ̀ padà,
ó ń wá iye garawa tó wà nínú páànù kan.
Ará Ìyàrà bèèrè: ọdún tí owó kajú bá já wálẹ̀ ńkọ́?
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ewúrẹ́ ha ọ̀fun.
Mo kọ: “A ó tún un gbé yẹ̀wò.”

Àsìkò yẹn ni ọmọkùnrin kan yọ́ wọlé,
Olúmáyọ̀wá, láti Ìyàmoyè, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ rin ṣìnkìn.
Ó yọ ìwé kan nínú ọ̀rá, ìwé náà gbẹ:
àtúnṣe rédíò, apá kìíní,
oṣù mọ́kànlá ló fi pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ti ka owó ìtanràn sọ́wọ́, náírà kéékèèké,
ó ń wojú mi.
Mo ti ọwọ́ rẹ̀ padà.
Ó rọra bi mí, kí àwọn àgbà má baà gbọ́:
“Apá kejì ti dé?”

Ìgbà tí a dé “ọ̀rọ̀ mìíràn” kò sẹ́ni tó ní,
ebi ti ń pa wọ́n.
Mo kọ síbẹ̀, lọ́wọ́ ara mi: “Apá kejì.”
Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n buwọ́ lù ú,
kò sẹ́ni tó bi mí pé apá kejì kí ni.