Agogo Ẹnu

Lórí àjà ilé Bàbá Àsàólú ní Ẹ̀gbẹ̀,
láàárín garawa tó jò àti igi òfì ìyá ìyá mi,
kẹ̀kẹ́ kan dorí kodò bí àdán.
Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọyẹ́ ṣì bo àpáta lójú.
Páálí pélébé mẹ́ta ló so mọ́ ọn lọ́rùn,
okùn wọn ti gbó, yíǹkì wọn ti ṣá,
ṣùgbọ́n mo ṣì rí i kà:
Pàràkú. Bóbò. Dàkáà.
Ti Èkó ti já bọ́.

Ìlú tiwa ò ní rélùwéè.
Fèrè kan ṣoṣo tí a mọ̀ ni ti rẹfirí lórí pápá.
Síbẹ̀ ọkùnrin yìí gun kẹ̀kẹ́ láti ibí dé Ọ̀fà,
ọjọ́ méjì gbáko, iṣu sísun nínú àpò,
ó dúró létí irin méjì tó nà gbọọrọ bí ẹni tí kò nílé,
ó ní, "Níbo lèyí ń lọ?"
Wọ́n ní Èkó.
"Lẹ́yìn Èkó ńkọ́?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn ló gbé e lọ.

Nínú ọkọ̀ Pàràkú, owó kẹ̀kẹ́ ju owó èèyàn lọ.
Ó san án. Ó ní, "Ó ti gbé mi títí,
ó tó kí a gbé òun náà."

Ní Wagadugu, gáàdì kọ̀ jálẹ̀.
Bàbá bọ́ sẹ́yìn ògiri, ó yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì,
ó fi ẹní dì í, ó gbé e rù, ó padà wá.
"Kí lèyí?"
"Òfì ìyá mi ni."
(Mi ò mọ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Bóyá ọwọ́ lásán.)
Gáàdì ti ìka kan bọ abẹ́ ẹní. Nǹkan yí,
ó ń dún tìkì-tìkì-tìkì.
"Irú òfì wo ló ń yí báyìí?"
"Òfì Yàgbà," ni Bàbá wí, kò sẹ́jú.
Gáàdì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó so páálí mọ́ ẹní.

Ó gun un láti Bóbò dé Bàmákò. Kò sọ púpọ̀ níbẹ̀ yẹn,
àfi pé eruku pọ̀, àwọn èèyàn sì ń fún un ní wàrà.

Ní Káyì, oòrùn ń yan irin bí àgbàdo.
Bàbá bọ́ sílẹ̀ láti bu omi.
Kó tó yíjú padà, ọkọ̀ ti ń wọ́ lọ bí ejò,
ó gbé kẹ̀kẹ́ lọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbẹ̀ fi dá rìn nílẹ̀ onílẹ̀,
láìsí ẹni tí yóò bi í pé, ọmọ ta ni ọ́.
Ìgbà tí Bàbá dé Dàkáà, ó bá a níbi ìkẹ́rùsí,
ẹnì kan ti nù ún, ó ti fi òróró sí ṣéènì rẹ̀.
Agogo nìkan ni kò sí mọ́.
Bàbá ò bínú. Ó ní owó ìtọ́jú ni.
Ó tì í dé ibi tí irin parí sí,
ó ti táyà iwájú bọ òkun,
ó sì yí orí rẹ̀ padà sílé.
Bó ṣe padà, a ò gbọ́ rí. Ó ní ọ̀nà ilé ò ní ìtàn.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu ló fi ń ṣe agogo.
Gírín-gírín! Gírín-gírín!
Àgbàlagbà ọkùnrin lọ́nà oko, ewúrẹ́ ń yà fún un,
àwọn ìyá ń ké sí i, "Ọ̀kùn o!"
Ìyá ìyá mi ní ojú máa ń ti òun.
Ó ní ó ń ṣe é lójú oorun pàápàá.

Mẹ́dùbí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà ti wò ó.
Ó ní ẹ̀yìn dára, ṣùgbọ́n rímù iwájú ti dípẹtà:
"Omi kí ló mu?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo fi ahọ́n kan ìpẹtà náà.
Irin lásán. N ò gbọ́ iyọ̀ kankan.
Ó na agogo tuntun sí mi, ó ń dán yanran.
Mo ní kó mú un padà.

Mo ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti ìdí àpáta,
ewúrẹ́ kan dúró láàárín títì, kò yà.
Mo wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń bọ̀.
Mo lanu.