Ìyàwó Alápatà Kò Jẹran

Oṣù kejì ni imú mi kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ọkọ mi.
Kì í ṣe èmi. Imú ni.
Ó ti ọjà Ìsìkan dé, ó ní, "Mọ́réniké, mo ti dé o,"
mo gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde,
mo di igi ìbẹ́pẹ mú, mo bì títí ó fi ku omi kíkorò.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń jẹ ẹran ọkùnrin yìí,
ṣàkì, ẹ̀dọ̀, bọ̀kọ̀tọ̀ọ̀,
gbogbo ibi tó dára tó ń yà sọ́tọ̀ kí oníbàárà tó jí.
Ìwọ tí o kò tíì tó horo ẹ̀wà
lo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ létí kànga,
ó ń fi ẹ̀wù iṣẹ́ kọ́ sórí ọgbà bí aṣọ àlejò.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí nínú òkùnkùn:
"Bí ọmọ náà kò bá fẹ́ ẹran, ta ni yóò jogún ọ̀bẹ mi?"
Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ló ń bèèrè.

Lábẹ́ igi furútù kan ní Àrákàlẹ̀
obìnrin ará Ọ̀fà ń dín bẹ́sìkè.
Ó rẹ sóyà mọ́jú, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ,
ó fi omi ògì kíkan mú un dì,
ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un ní mẹ́ta-mẹ́ta, ata pọ́n lára rẹ̀.
Òórùn rẹ̀ kọjá níwájú mi, imú mi kò jà.
Mo rà á, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró.
Mo tún rà á.
Nǹkan kan sọ nínú mi,
bóyá ìwọ ni, bóyá ata ni.

Nọ́ọ̀sì Akíngbàsọ fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi ní Ìjọ̀kà, ó ní:
"Jẹ ẹ́. Sóyà ń mọ ara. Àmọ́ má fi òun nìkan ṣe oúnjẹ,
wá ẹyin, wá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí, má fi bẹ́sìkè tì í, fi ọsàn mu ún."
Ó kọ ọ́ sínú káàdì.
Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta,
bí ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí pé kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Ìyá rẹ̀ wọkọ̀ wá láti Òǹdó,
ẹmọ́ gbígbẹ mẹ́rin nínú ọ̀rá dúdú.
Ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi, ó ṣí ìkòkò wò.
"Aboyún ilé alápatà, ẹ̀wà ló ń jẹ!
Kí ni kí n wí fún wọn ní Òkè-Lísà?"
N kò fèsì. Ẹnu tó kún fún itọ́ kì í jiyàn.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀ mọ́jú.
Ó jáde ní kùtùkùtù lọ síbi ọ̀pẹ tó wó tó ń jẹrà,
ó padà, olú kún etí ìró rẹ̀.
Ó ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ju méjì nù, kò sọ ìdí.
Ó sè é mọ́ ẹ̀gúsí, ó jókòó tì mí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀:
"Nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ,
àfi ọjọ́ ọdún ni mo ń fojú kan ẹran.
Olú ni mo jẹ, olú oko kòkó, láàárọ̀, lálẹ́.
Mo búra pé ìyàwó ọmọ mi kò ní jẹ ẹ́."
Ó bọwọ́ sínú àwo mi, ó mú ọ̀kan, ó jẹ.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí
pé olú ló mọ egungun tó fi ń gbé àáké.

Láti ìgbà náà, tó bá ń bọ̀ láti ọjà, ó ń yà sí Àrákàlẹ̀,
ó ń fi bẹ́sìkè pamọ́ sábẹ́ fìlà
káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí alápatà tó ń ra ẹ̀wà.
Fìlà náà ti mu òróró bí àkàrà.
Lánàá, ará Ọ̀fà fún un ní ènì, ó ní, ṣé ẹran ò tà ni?
Ó ní ó ń tà.
Ó ní ọ̀gá òun tuntun ni kì í jẹ ẹ́.